Ìràwọ̀ Tí Gbogbo Wa Rí ní Òkukù

Ooru ló kọ́kọ́ lé mi jáde, kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń bú ramúramù létí fèrèsé mi, ni mo bá gbé àga oníke kan, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé tí mò ń gbé ní Ìkìrun. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Mo gbójú sókè sí ìwọ̀ oòrùn, mo rí àgùàlà lókè àwọn òrùlé páànù. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ta ni kò mọ àgùàlà? Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ajá òṣùpá ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó kéré sí i díẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ yòókù tó ń yọ ń ṣẹ́jú ṣáá, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí dúró gbọn-in, wọn kò ṣẹ́jú rárá.

Mo pe bàbá mi ní Inísà lórí fóònù. Àwọn ni mo máa ń pè bí nǹkan bá rú mi lójú, nítorí tíṣà ni wọ́n, tíṣà àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tí ẹ máa bi irú tíṣà bẹ́ẹ̀ tí kò ní dáhùn, ìbáà ṣe pé kò mọ̀ ọ́n.

“Bàbá, ẹ bọ́ síta kí ẹ wo ìwọ̀ oòrùn. Àgùàlà ti di méjì.”

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, mo gbọ́ ìró sílípáàsì wọn lórí sìmẹ́ńtì.

“Ìwọ̀ oòrùn ibo?”

“Bàbá, ìwọ̀ oòrùn mélòó ló wà? Apá ojú irin.”

“Mi ò rí i.”

“Èwo nínú méjèèjì ni ẹ ò rí?”

“Mo ní mi ò rí i.” Wọ́n sì pa fóònù.

Mo jókòó síbẹ̀, fóònù lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù bà mí. Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ yìí ló kọ́ mi ní àgùàlà. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn ló máa ń kó àwa ọmọ jáde ní ìrọ̀lẹ́, a óò máa rìn lẹ́bàá ojú irin rélùweè ní Inísà, níbi tí kò ti sí ilé tó dí ojú ọ̀run. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àgùàlà ló máa ń jẹ ẹ̀pà tó kù nínú bébà. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀pà náà bọ́ sọ́wọ́ wa kíákíá, nítorí àwọn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Mo tún wà ní kíláàsì wọn fún ọdún kan, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wà ní kíláàsì bàbá rẹ̀. Nínà tí wọ́n ń na àwọn ọmọ yòókù ní ẹyọ kan, méjì ni tèmi.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ wa nípa àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, kì í sí pàṣán. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo wọn sójú pátákó, oòrùn ní igun kan, àwọn tó kù á tò lọ lẹ́sẹẹsẹ. Sátọ̀nù ni wọ́n á yà kẹ́yìn kí wọ́n lè fi ara balẹ̀ ya òrùka rẹ̀ mọ́ ọn lára. Mẹ́sàn-án ni pílánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti yọ Púlútò kúrò, inú bí wọn bí ẹni tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé. “Ta ni wọ́n bi léèrè?” ni wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan nàka sókè ní kíláàsì, ó ní, “Sà, Sátọ̀nù yìí, ṣé ẹ ti rí i rí?” Bàbá mi ní, “Àwọn tó rí i ló yà á sínú ìwé.” Wọ́n bá mú dọ́sítà, wọ́n nu pátákó, bẹ́ẹ̀ a kò tíì kọ ọ́ tán.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn mo lọ sí Inísà. Nínú ilé, wọ́n ń rìn geere, nítorí wọ́n ti mọ ilé náà sórí. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ da tíì fún mi ni àṣírí tú. Ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù ni wọ́n ń da omi gbígbóná sí. Mo pariwo. Wọ́n ní kí n yé pariwo mọ́ àwọn, pé kọ́ọ̀bù náà ni kò dúró dáadáa.

Mo mú wọn lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Gílókómà ni. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, kò sì ní padà. Ọ̀tún ṣì ń rí iwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń pa mọ́ra, bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú wò láti inú páìpù. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sójú, ó ní oògùn náà lè mú kó falẹ̀, kò lè dá a dúró. Òótọ́ ló sọ. Lónìí tí mò ń kọ èyí, bàbá mi kò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀tún ṣì wà, a kò sì mọ iye ìgbà tó kù fún un.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkìrun, wọ́n ṣàdédé sọ̀rọ̀.

“Ìwé, mo ti kà á tó. Ojú ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n sórí. Sátọ̀nù yẹn nìkan ló ń dùn mí. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí mi ò rí rí.”

“Ẹ máa rí i,” ni mo wí.

Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹnu mi a ti dé ibẹ̀ kí orí mi tó gbéra. N kò tilẹ̀ mọ ibi tí Sátọ̀nù ń gbà yọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run nìyẹn o. Mo wa áàpù kan sórí fóònù mi, tó jẹ́ pé bí mo bá gbé e sókè, yóò sọ orúkọ ohun tó wà níwájú mi. Mo wá mọ̀ pé ìkejì àgùàlà tí mo rí lọ́jọ́ ooru yẹn, Júpítà ni, àti pé àgùàlà fúnra rẹ̀, pílánẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Mo kọ́ pé èyí tó bá ń ṣẹ́jú, ìràwọ̀ ni, èyí tí kò bá ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì ni, àti pé ọ̀nà tí oòrùn àti òṣùpá ń gbà ni àwọn pílánẹ́ẹ̀tì náà ń gbà, wọn kì í yà sí ọ̀nà ìgbẹ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò nílò ohun èlò kankan láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọrùn tó lè gbé orí sókè ti tó.

Àṣìṣe mi náà pọ̀. Mo rí iná pupa kan lápá àríwá, kò ṣẹ́jú, mo ní Máàsì ni. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì pé Máàsì ń yọ lẹ́yìn ilé mi. Àwọn kan tilẹ̀ wá wò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Máàsì kú pii. Ó ṣe díẹ̀, a gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Máàsì sì tún tàn. Orí òpó nẹ́tíwọ̀kì ló wà. Títí di òní, bí iná bá lọ ní ọ́fíìsì wa, wọ́n á ní kí n lọ bá wọn bu epo sí Máàsì.

Aládùúgbò mi kan, ìyá Aládùúrà tó máa ń wọ sùtánà funfun rẹ̀ lọ sí ìṣọ́ òru, máa ń rí mi tí mo dá dúró ní ẹ̀yìnkùlé, tí mo gbójú sókè. Ó fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́. “Àǹtí,” ó ní, “bí ẹ bá ń rí ìran, ẹ má dá a rí. Ẹ jẹ́ ká jọ fi àdúrà sí i.” Mo fi òṣùpá hàn án, mo fi Júpítà hàn án. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun á ṣì gbàdúrà sí i.

Òjò wá dé. Láti ìgbà tí iṣu tuntun ti ń jáde títí ìkórè fi bẹ̀rẹ̀, ìkùukùu ló bo gbogbo ojú ọ̀run. Bàbá mi á pè mí: “Ṣé ó ti yọ?” Mà á ní, “Ó ti yọ, Bàbá, ìkùukùu ni kò jẹ́ ká rí i.” Wọ́n á ní kò burú. Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀, inú mi kì í dùn, nítorí mo mọ̀ pé ojú ọ̀tún yẹn kò dúró de òjò. Síbẹ̀, lónìí, àárò ìpè wọ̀nyẹn ń sọ mí. Kí ó tó dìgbà náà, ọ̀rọ̀ àlàáfíà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan la máa ń sọ lórí fóònù.

Nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé láti fi eruku ba ojú ọ̀run jẹ́, Ọlọ́run bá mi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá sílé láti òkè òkun, ó sì ní tẹlisíkóòpù kan, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, nílé rẹ̀ ní Òṣogbo. Ó yá mi, ó ní kí n dá a padà lọ́jọ́ Ajé, nítorí òun ń padà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo gbé e sẹ́yìnkùlé, mo ń wá Sátọ̀nù kiri títí ọrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi. Lójijì ni ó wọ inú awò. Ó kéré bí ẹyọ ìrẹsì kan, ó mọ́ roro, òrùka rẹ̀ sì yí i ká gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ. Mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo pe ìyá Aládùúrà kó wá wò ó. Ó wò ó, ó wo iwájú tẹlisíkóòpù náà, ó tún wò ó. “Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú rẹ̀ ni,” ó ní.

Níbi tí a ti ń jiyàn, mo padà yọjú wò, mi ò bá nǹkan kan mọ́. Mo wá mọ̀ pé nítorí ayé tó ń yí, pílánẹ́ẹ̀tì náà kì í dúró sójú kan nínú awò. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́ lọ títí yóò fi jáde, ẹni tó ń wò ó ní láti máa sún awò tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé e dé Inísà. Bàbá mi ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá, wọ́n dé fìlà. Mo ní a máa dúró kí ilẹ̀ ṣú, ká gbé e sí àgbàlá.

“Má tú u kalẹ̀,” ni wọ́n wí. “Òkukù là ń lọ.”

Ẹ̀gbọ́n wọn ló wà ní Òkukù, àkọ́bí ilé wọn, olórí ẹbí wa, tí gbogbo wa ń pè ní bàbá àgbà. Mùsùlùmí ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn ló sì fi owó oko rán bàbá mi nílé ìwé, níbi tí bàbá mi ti di Onítẹ̀bọmi. Àwọn méjèèjì kò sì torí ìyẹn jà rí. Bàbá mi ní ohun tí ẹ̀gbọ́n àwọn kò tíì rí, àwọn kò ní kọ́kọ́ rí i.

Inú bí mi. “Bàbá, ojú yín tó ń ṣe yín ńkọ́?”

“Ojú mi ló ń ṣe mí,” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe ìwà mi.”

A dé Òkukù, ilé ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n kírun Ìṣáì tán, gbogbo agboolé ti to àga àti bẹ́ńṣì bí ìgbà tí wọ́n ń retí gómìnà. Mo ti wá Sátọ̀nù rí, ó wà láàárín gbùngbùn awò. Mo ní, “Bàbá àgbà, ó yá.” Bàbá àgbà dìde, wọ́n tún fìlà ṣe. Wọ́n ní ohun tí èèyàn kò rí rí, àdúrà la fi ń kò ó lójú. Wọ́n wá gbàdúrà fún mi, wọ́n gbà á fún àwọn òbí mi, fún ẹni tó ya awò, fún àwọn tó wà lọ́nà àjò, fún àwọn ọmọ tó ń wáṣẹ́, fún òjò ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo wa ń ṣe àmín. Èmi náà ń ṣe àmín tọkàntọkàn, mo ti gbàgbé pé ayé ń yí.

Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n nàró, wọ́n ní, “Alihamudulilai. Mo rí i.”

Bàbá mi ló kàn. Àwọn ló pẹ́ jù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé orí, wọ́n ní, “Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun.” Ṣe ni ara tù mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ìborùn nu ojú mi. Àwọn tó kù wá ń wò ó lọ bí wọ́n ṣe dàgbà ju ara wọn lọ. Ìyàwó ilé kan ní ó ń tàn yanranyanran. Ọmọkùnrin kan ní méjì lòun rí. Gbogbo ilé rí i. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, mo ní kí èmi náà wò ó kí n tó tú u palẹ̀.

Òkùnkùn ni mo bá. Kò sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ó ti yọ́ lọ látìgbà àdúrà. Kò sí ẹni tó rí ohunkóhun nínú wa. Bàbá àgbà ní àwọn rí i, ta wá ni yóò ní òun kò rí i? Ọwọ́ mi ti wà lára awò láti tún un tò, mo tún mú un kúrò. Bí mo bá ní kí bàbá mi wá wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ṣé kì í ṣe pé mo pe olórí ẹbí ní òpùrọ́ lójú agboolé rẹ̀? Mo tú u palẹ̀. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè jẹ iṣu tí wọ́n gbé fún wa.

Nígbà tí a dé Inísà, bàbá mi jókòó sí ìta gbangba, wọn kò ṣí fìlà.

“Ó ti parí,” ni wọ́n wí.

“Kí ló parí, Bàbá?”

“Ojú yìí. Gbogbo ilé rí i. Ọmọ kékeré rí i. Èmi, òkùnkùn ni mo rí. Mo kàn ní mo rí i kí n má ba inú ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, kí ìwọ náà má sunkún.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Mo ní, “Bàbá, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Ó ti sá lọ. Gbogbo wa ló parọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

“Òkùnkùn làwọn náà rí.”

Wọ́n fọwọ́ lu itan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Mo sáré gbé awò náà kalẹ̀ sí àgbàlá. Mo fi wọ́n jókòó kí n tó wá Sátọ̀nù, mo di orí wọn mú, mo darí ojú ọ̀tún sójú ihò. “Kò sí níbẹ̀,” ni wọ́n wí. Mo sún un. “Kò sí.” Mo tún sún un. Ọwọ́ wọn wá ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú gírígírí.

“Òrùka yẹn,” ni wọ́n wí, “kò kàn án lára. Àlàfo wà láàárín wọn.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. N kò sọ ọ́ fún wọn, mọ́ ara rẹ̀ ni àwọn náà sì máa ń yà á sójú pátákó; kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ ọ́n lálẹ́ yẹn bí wọn kò bá rí i. Mo ń sún awò tẹ̀ lé e, wọ́n ń wò ó. Wọ́n wò ó tẹ́rùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé orí, ayọ̀ sì ti kúrò lójú wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi kò rí i,” ni wọ́n wí. “A máa padà lọ lọ́la.”

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a tún gbé e dé Òkukù. Bàbá mi ti kọ́ mi ní ohun tí a máa sọ: pé ojú ọ̀run ti alẹ́ yìí mọ́ ju ti àná lọ. N kò jẹ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, mo gbé bẹ́ńṣì sídìí awò, mo ní kí bàbá àgbà jókòó, kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà tán. Wọ́n ní àdúrà àná ti tó. Mo tò ó, wọ́n tẹ ojú mọ́ ọn.

Wọn kò gbé orí sókè nígbà tí wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀.

“Ìwọ, ṣé o rí i lánàá lóòótọ́?”

Bàbá mi yíjú sí mi.

“Mi ò sùn lóru,” ni bàbá àgbà wí. “Mo ní ká ní mo sọ òótọ́, ọmọ yìí ì bá tún un tò, ìwọ ì bá sì rí i. Mo ní bí ojú rẹ bá ti lọ lónìí ńkọ́? Irọ́ mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.”

“Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí a délé lálẹ́ àná ni mo rí i.”

“Fi Ọlọ́run búra.”

“Mo fi Ọlọ́run búra.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé orí. Wọ́n sún lórí bẹ́ńṣì náà, wọ́n fọwọ́ gbá àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Wá, jókòó. Tún un wò kó tó lọ.”